Àwọn Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà

Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní abà kan lẹ́yìn Ìgànná. Omi kan ṣàn kọjá láàárín abà náà àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó sún mọ́ wọn jù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà kì í ju kókósẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ á bọ́ bàtà wọn, wọ́n á gbé e dání, wọ́n á kọjá. Ní ìgbà òjò, kò sí ẹni tí ó lè sọ bí yóò ti rí. Ó lè mu ọmọdé dé orúnkún ní àárọ̀, kí ó sì mu ún dé àyà nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Àwọn ọkùnrin abà náà so okùn kan mọ́ igi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun ni àwọn ọmọ ń dì mú.

Ìyá Ìbejì ni a ń pe àbúrò ìyàwó mi. Ìbejì rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìgànná. Ọmọbìnrin tí ó bí tẹ̀lé wọn ti tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ. Ó ní ìbejì rí omi náà kọjá nítorí pé ọ̀kan ń di èkejì mú. Èyí, òun nìkan ni yóò máa lọ.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ẹgbẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn fẹ́ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn abà tí ó jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́, yàrá kan àti ilé olùkọ́ kan ní abà kọ̀ọ̀kan. Agbára wọn kò ká gbogbo abà. Ibi tí ọmọ bá pọ̀ sí jù ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbọ́, ó kàn sọ pé, "Ṣé ẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n?" Mo ní mo gbọ́. N kò ṣèlérí.

Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì náà ni kí n máa bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé láìsí àlàyé yẹn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní yé ènìyàn.

Aṣọ òfì ni mo ń hun kí n tó mọ ìwé. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń kí mi ní "ẹ káàárọ̀, sà" nítorí wọ́n rò pé tíṣà ni mí. Ìyàwó mi ló rán mi lọ. Òun ni ó ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ, ó sì ti rí i pé ìwé tí mo ń ṣà kà lára páálí òwú ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní, "Òfì yìí kò ní sá lọ. Ẹ lọ kàwé." Mo lọ. Mo parí girama, mo tún lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ṣakí. Ó rí mi tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ó kú.

Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn, ẹni tí mo lè bí. Òun ló kọ́ mi ní èdè tí a fi ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí a bá gbà láti abà ń lọ sínú ibi ìpamọ́ ńlá kan tí àwa ń pè ní àká. Àká àgbàdo ni mo fi lóye rẹ̀. Ènìyàn kì í da gbogbo àgbàdo inú àká sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ se ẹ̀kọ. Yóò sọ irú èyí tí ó fẹ́ àti ìwọ̀n tí ó fẹ́, wọn yóò sì bù ú fún un.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì í, mo ń gbìyànjú láti to bí ẹ̀rọ yóò ti ṣe iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀gá mi dá mi dúró.

"Bàbá, ẹ má sọ bí yóò ti ṣe é fún un. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ sọ."

"Tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe ńkọ́?"

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àbímọ́. Wọ́n pọ̀ nínú èdè náà, ènìyàn kò ní láti ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. TRIM ń gé àlàfo tí ó bá lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ọ̀rọ̀, bí a ti ń gé ìdí òwú kúrò lára aṣọ kí a tó rán an pọ̀. Bí kò bá sí i, Ìlerò tí ẹnì kan fi àlàfo parí àti Ìlerò tí kò ní àlàfo yóò di ìlú méjì. UPPER ń sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá, kí ẹni tí ó fi lẹ́tà kékeré kọ Òkèhò má baà dá Òkèhò tirẹ̀ sílẹ̀. COUNT ń kà. SUM ń ro nǹkan pọ̀. AVG ń pín in dọ́gba.

Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ COALESCE. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á. Ohun tí ó ń ṣe kò le. Yóò wo ibi tí o ní kí ó wò. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, yóò mú un. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, yóò mú ohun mìíràn tí o fi lé e lọ́wọ́. Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ ni pé òfìfo kì í bá nǹkan ròpọ̀. Bí ilé kan bá kọ iye ọmọkùnrin tí kò sì kọ iye ọmọbìnrin, tí o bá ní kí ẹ̀rọ ro méjèèjì pọ̀, òfìfo ni yóò dá padà fún ọ, ọmọkùnrin tí wọ́n kọ gan-an á sì bá a lọ. Nítorí náà, ó ti di àṣà ní ọ́fíìsì wa pé gbogbo òpó, ìyẹn àyè tí ìdáhùn kan náà tò sí lóòró, tí ó bá jẹ́ ti nọ́ńbà, a ó fi COALESCE sọ òfìfo rẹ̀ di òdo. Gbogbo wa ni a ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Nígbà tí àwọn tí a rán lọ sí abà padà dé, tí ohun tí wọ́n kọ sínú fóònù sì ti wọ inú àká, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìbéèrè náà: abà wo ni ọmọ tí ó tó ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù? Mo kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ to abà sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Abà Ìyá Ìbejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú àwọn abà mìíràn ní apá Ìgànná.

Mo wò ó, mo sì gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ni. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ni yóò jókòó lé e lórí, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ síta kí wọ́n tó jókòó.

Ìyá Ìbejì wá sí Ìsẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ yẹn láti ta gàrí. Ó yà sí ilé mi, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún un ní omi, ó mu ún tán, ó dá ife padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ti sọ̀rọ̀ àbí kò tíì sọ?"

"Wọn kò tíì parí."

"Ó fìwà jọ yín nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé ẹni tó bá bi yín ní nǹkan ní àárọ̀, kó gbé oúnjẹ ọ̀sán dání kó fi dúró de èsì."

Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, ìyàwó mi máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Òjò ti ń ṣú," ni ó wí. "Ọmọ yẹn ti fi èédú kọ a, b, d kún ara ògiri mi tán. Ó ń wo ara àwọn ìwé tí ìbejì fi sílẹ̀ kọ ọ́. D rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síbi tí ó yẹ kó kọ ojú sí, kò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe fún un. Bàbá rẹ̀ ní òun náà kò mọ ibi tí D ń wò."

Mo ní n óò mú chalk bọ̀ nígbà tí mo bá ń bọ̀. Ó ní kì í ṣe chalk ni òun wá gbà. Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà sídìí àkọsílẹ̀ náà. Mo ní kí ẹ̀rọ má ro nǹkan kan pọ̀, kí ó kàn fi ilé kọ̀ọ̀kan ní abà náà hàn mí. Mo rí ilé Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ ọkọ: àgbẹ̀. Òrùlé: páànù. Omi mímu: kànga. Ọmọkùnrin: òdo. Ọmọbìnrin: òdo.

Mo mọ àwọn ọmọ náà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí a sọ wọ́n lórúkọ, àfi èyí tí ó kéré jù. Mo yọ COALESCE kúrò, mo tún béèrè. Òdo méjèèjì pòórá. Kò sí ohun kan níbẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé yòókù ní apá Ìgànná. Òfìfo ni, láti òkè dé ilẹ̀, àfi òdo mélòó kan láàárín wọn.

Ìyàwó mi ni ó wá sí mi lọ́kàn. A kò bímọ. Bí àlejò bá kí i pé "Àwọn ọmọ ńkọ́?" yóò dáhùn pé, "Wọ́n ń bọ̀." Kò fìgbà kan sọ pé kò sí. Nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ìgbà tí wọ́n lè bọ̀, ó ṣì ń dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó béèrè á sì ṣe àmín. Èmi náà kò sọ ọ́ rí nígbà ayé rẹ̀. Ọdún tí mo wọ ọ́fíìsì yìí ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ìwé òṣìṣẹ́ tuntun, nítorí pé ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n kọjá láìkọ nǹkan síbẹ̀. Mo kọ òdo. Nítorí náà, mo mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sọ pé kò sí, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó má dáhùn.

Mo pe obìnrin tí ó gba àkọsílẹ̀ ní apá ibẹ̀ lórí fóònù. Aránṣọ ni ní Òkèhò, ó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí aṣọ kò bá pọ̀ nílẹ̀.

"Bàbá, ta ló kú?" ni ó kọ́kọ́ wí. "Ẹ kì í pe ènìyàn."

"Kò sẹ́ni tó kú. Òpó ọmọ ni mo fẹ́ béèrè. Ó ṣófo ní àwọn abà tí o lọ."

"Ó ṣófo ni. Ṣé kí n wá máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

"Ohun tí ìbéèrè náà ní kí o ṣe nìyẹn."

"Mo bi wọ́n. Ìyá àgbà kan bi mí pé ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni. Òmíràn ní Ọlọ́run mọ iye wọn. Ṣé kí n kọ Ọlọ́run síbẹ̀? Fóònù yín ní nọ́ńbà nìkan ni òun ń gbà. Mo bá fi í sílẹ̀."

"Àwọn ará Ìsẹ́yìn níbí sọ iye tiwọn."

"Ará ìlú nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wọn. Ní abà, ẹ ka ọmọ fún obìnrin lónìí, bí ibà bá mú ọ̀kan lọ́la, ojú yín ni yóò máa wò. Bàbá, èmi náà bímọ. Ẹ bi mí ní iye wọn, kí ẹ wo ohun tí n óò fi dá yín lóhùn."

"Mi ò ní bi ọ́."

"Ẹ ṣeun."

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo sọ fún un, mo sì kọ́kọ́ sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà jẹ́ ti àna mi, kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó fa àga mọ́ra, ó wo àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó yára jù mí lọ púpọ̀. Ó ní yíyọ COALESCE kúrò nìkan kò ní tún un ṣe, nítorí pé SUM àti AVG kì í wo òfìfo rárá, wọ́n á fò ó. Àwọn tí wọ́n dáhùn ní abà wọ̀nyẹn ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Wọ́n fi ẹ̀rín kọ òdo, kò ta wọ́n lára. Bí a bá fo àwọn yòókù, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyẹn ni yóò ku tí yóò máa dáhùn fún gbogbo abà.

"Kò sí ọ̀rọ̀ àbímọ́ tí yóò bá wa mú ohun tí wọn kò sọ jáde," ni ó wí. "A ní láti padà lọ."

"Wọn kò ní sọ iye."

"Nígbà náà, kí ni kí a bi wọ́n?"

A tún pe aránṣọ náà, ọ̀gá mi sì gbé fóònù sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́," ni obìnrin náà wí. "Ìyá wo ni kò ní pe orúkọ ọmọ rẹ̀ fún yín? Yóò fi oríkì lé e. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó tó."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìlà kan fún ọmọ kan: orúkọ, ìyá rẹ̀, ilé rẹ̀. Kò sí òpó iye níbẹ̀ mọ́. Ó ní COUNT ni yóò ka ìlà nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú àká. Ó sọ fún mi pé mo lè bá wọn lọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù ní abà àna mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

Láti Ìgànná, ọ̀kadà ló gbé wa. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ojú ọ̀nà sì pupa, ó ń yọ̀. Nígbà tí a dé ibi omi, àwọn ọlọ́kadà ní kí a sọ̀ kalẹ̀ kí a fẹsẹ̀ rìn ín. Kò tíì ju ojúgun lọ. Mo rí okùn náà. Apá kan rẹ̀ ti ń tú.

Ní abà, mo jókòó sábẹ́ igi òrí kan, mo jìnnà sí fóònù náà. Ọ̀gá mi àti aránṣọ náà jókòó sórí àpótí láàárín agbolé, àwọn obìnrin sì yí wọn ká. Ohun tí aránṣọ náà wí ló ṣẹlẹ̀. Orúkọ ń jáde bí ìgbà tí a ṣí àpò ẹ̀wà. Àwọn ọmọ fúnra wọn dúró létí, olúkúlùkù ń dúró de tirẹ̀, bí wọ́n bá sì ti pe ẹnì kan, yóò sá lọ sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti kọ òun sínú fóònù.

Ìyá àgbà kan, ìyá ọkọ Ìyá Ìbejì, na ọ̀pá rẹ̀ sí ọ̀gá mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lẹ ó fi gbogbo orúkọ yìí ṣe?"

"Ìyá, a fẹ́ mọ̀ bóyá yàrá kan yóò gbà wọ́n."

"Ẹ ó kà wọ́n nìyẹn."

Àwọn obìnrin yí ojú sí ọ̀gá mi. Mo wo ilẹ̀.

"Àwa kò ní kà wọ́n, Ìyá," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Ẹ̀rọ ni yóò kà wọ́n."

Ìyá àgbà ronú sí i. "Ṣé ẹ̀rọ náà bímọ?"

"Rárá o."

"Ṣé ó ní ojú?"

"Kò ní ojú."

"Ẹ jẹ́ kó kà wọ́n, kò kan èmi. Ẹ kọ tèmi náà sílẹ̀, mo fẹ́ mọ ìwé."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì ní kí ìyá àgbà kọ́kọ́ lọ wá eyín tí yóò fi pe a, b, d. Ìyá àgbà ní eyín kọ́ ni wọ́n fi ń kàwé, ojú ni, òun sì ṣì ní ọ̀kan tó dára.

Nígbà tí a padà dé Ìsẹ́yìn tí orúkọ ti wọ inú àká, ọ̀gá mi rí i pé ìyá àti ìyá àgbà ti pe ọmọ kan náà ní ilé púpọ̀. Ó bá fi DISTINCT kún COUNT, kí ẹ̀rọ má baà ka orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà já wálẹ̀ ju bí a ti rò lọ. A jọ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó gbá tábìlì jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ìbejì ìlú yín ti tàn mí jẹ."

Òótọ́ ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìbejì pọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń mú wá láti ọ̀run, láti ilé dé ilé. Ẹ̀rọ ti kó gbogbo ìbejì apá Ìgànná jọ, ó sọ wọ́n di ènìyàn méjì. Ọ̀gá mi tún un kọ, ó ní kí ẹ̀rọ fi orúkọ ìyá àti ilé mọ́ orúkọ ọmọ kí ó tó sọ pé ẹni kan náà ni. Ìyẹn ni ó dúró. Abà Ìyá Ìbejì gòkè, àwọn abà mìíràn ní apá ibẹ̀ náà sì gòkè. N kò ní kọ iye ọmọ inú wọn síbí.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n mú abà náà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí a sọ ọ́ síta, mo gun ọ̀kadà, mo lọ sọ ọ́ fúnra mi. Mo bá Ìyá Ìbejì nídìí ààrò, ó ń yan gàrí. Mo sọ fún un pé wọ́n ti mú wọn. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Nígbà wo?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ tí yóò gbé iyanrìn àti bíríkì kò lè kọjá omi ní ìgbà òjò."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí. Èéfín ń fẹ́ sí i lójú, kò sì yẹra.

"Ọmọ á tún jókòó sílé ní ọdún yìí nìyẹn," ni ó wí. "Mo dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ sa ipá yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lọ ní ọdún yìí, ní ọdún tí ń bọ̀ yóò máa tijú láti jókòó ti àwọn kéékèèké. Ẹ̀yin gan-an mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo wo ọmọ náà. Ó wà lẹ́bàá ògiri, ó ń fi chalk tí mo mú wá kọ nǹkan lé orí èédú àtijọ́.

"Jẹ́ kó wá sọ́dọ̀ mi," ni mo wí. "Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní ìkangun àdúgbò wa. Kò sí omi lọ́nà. Bí ilé tiyín bá parí, kó padà wálé."

Ó wo ọmọ náà, ó tún wò mí.

"Ta ni yóò máa di irun fún un?"

"Aládùúgbò mi ń di irun."

"Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀? Ọmọ yìí kì í dákẹ́."

"Èmi á máa gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ó sì fi etí aṣọ nu ojú, ó ní èéfín ni. Ó ní òun yóò bá ọkọ òun sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ náà wá lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú àpò gàrí kan, iṣu díẹ̀, àti ẹní rẹ̀.

Kì í dákẹ́ lóòótọ́. Ó bi mí pé kí ni ọ̀kọ̀ òfì, igi tí a fi ń ta òwú kọjá nínú aṣọ, tí mo fi kọ́ ara ògiri, kí ló dé tí n kò hun aṣọ mọ́, kí ló dé tí mo fi ń jẹun láìtan rédíò. Mo ń dáhùn bí mo ti lè ṣe. Mo gbé àga mìíràn wá sídìí tábìlì. Mo kọ́ bí a ti ń fi omi gbígbóná po ẹ̀kọ àárọ̀ kí ó tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má baà dà á sára rẹ̀. D rẹ̀ ti ń wo ibi tí ó yẹ kí ó wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní àárín òjò, mo wà ní ọ́fíìsì, òjò ń rọ̀ sórí páànù débi pé a kò lè gbọ́ ara wa. Fóònù mi dún. Ìyá Ìbejì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, omi ti bo okùn níbí. Wọn ò lè rí orí rẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Níbo ni ọmọ wà?"

"Ó wà ní kíláàsì. Mo mú un débẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

Mo ń gbọ́ òjò tiwọn nínú fóònù, mo sì ń gbọ́ tiwa lórí páànù.

"Ó dáa," ni ó wí. Ó sì pa fóònù náà.